Landolphe, Balógun Ọkọ̀ Faransé Tí Ó Tẹ̀dó sí Ilẹ̀ Ìwẹrẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àwọn Faransé ní Port Harcourt, epo rọ̀bì ni ọkàn olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ lọ bá. Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ Safrap, èyí tí ó wá di Elf lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tí àwọn awakùsà rẹ̀ fi kan epo ní Ọbagi ní ilẹ̀ Ẹgi, níbi tí ó di Ìpínlẹ̀ Rivers. Láti ìgbà náà ni ojú ti mọ àwọn òṣìṣẹ́ Faransé ní ìgboro ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì gbà pé epo ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀yà Òyìnbó yìí wá sí àgbègbè tí Odò Ọya ti ń ya wọ inú òkun. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 1913 ni Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ilẹ̀ òkè òkun wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, sọ èbúté tuntun náà. Ọdún 127 ṣáájú ìgbà náà ni Faransé kan ti kó ọkọ̀, àgbá, ọmọ ogun, oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀ ewéko wá sí àgbègbè olómi yìí, pẹ̀lú èrò pé òun yóò fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Jean-François Landolphe ni orúkọ rẹ̀.

Ẹnu Odò Ìbíní ni ó gúnlẹ̀ sí, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn ibi tí Port Harcourt wà. Èéṣe tí kò fi lọ sí Bonny, èbúté àtijọ́ tí ó súnmọ́ Port Harcourt pẹ́kípẹ́kí? Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, Bonny ni olórí ọjà ẹrú ní gbogbo àgbègbè náà, àwọn ọkọ̀ Liverpool ni ó sì ń jẹ gàba níbẹ̀. Faransé a máa yà síbẹ̀ rajà, ṣùgbọ́n bí àlejò ni wọ́n ṣe rí níwájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní ilé tirẹ̀, tí yóò máa pàṣẹ nínú rẹ̀, ní láti wá odò mìíràn lọ.

Ìlú Auxonne ní Faransé ni a ti bí Landolphe ní 1747. Ìlú náà jìnnà réré sí òkun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà yàn láàyò. Inú òwò ẹrú ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé òwò yìí ni ó ń sọ atukọ̀ di olówó ní Faransé lákòókò náà. Ilẹ̀ Faransé ní agbègbè kan lábẹ́ àkóso rẹ̀ ní òkè òkun, Saint-Domingue, èyí tí a mọ̀ sí Haiti lónìí. Ìrèké àti kọfí ilẹ̀ náà ń sọ àwọn ará Nantes, Bordeaux àti Saint-Malo di ọlọ́rọ̀, àwọn ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko náà sì ń kú bí ewé. Nítorí náà ni àwọn olóko ṣe ń béèrè fún ẹrú tuntun lọ́dọọdún. Kí a má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí bí a ti ń tẹ̀lé Landolphe lọ, nítorí òun ni ó wà nídìí gbogbo ohun tí ó ṣe.

Ní 1778, Landolphe ti di ọ̀gá nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ La Négresse, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Obìnrin Dúdú. Orúkọ tí àwọn tí ń ra ènìyàn dúdú fún ọkọ̀ wọn nìyẹn! Odò Ìbíní ni ọkọ̀ yìí wá. Landolphe gun òkè odò lọ sí Ughoton, èbúté Ìbíní tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Gwato, láti ibẹ̀ ni ó sì ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ààfin. Akẹngbuda ni ó wà lórí oyè Ọba Ìbíní. Ohun tí Landolphe rí ní ìlú náà yà á lẹ́nu. Ó kọ̀wé lẹ́yìn náà pé Ezomo, tí í ṣe olórí ogun Ìbíní, ní ẹrú tí ó lé ní 10,000, kò sì tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí tó kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró lé lórí. Ó fi hàn pé ní Ìbíní, ọ̀wọ́ ènìyàn lẹ́yìn ìjòyè ni ọlá, kì í ṣe aṣọ àti ọtí tí Òyìnbó kó wá pa pààrọ̀. Olówò tí ń wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú ní kíákíá kò lè rí tó ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí ojú Landolphe ṣí sí ìjọba kejì tí ó wà lórí odò kan náà, èyíinì ni ìjọba Ìwẹrẹ.

Ìwẹrẹ ni ìjọba àwọn Itsekiri. Owhère ni Landolphe kọ ọ́ sí, Oere ni àwọn Potogí ti ń kọ ọ́ ṣáájú rẹ̀, Oware sì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń lò títí di òní. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá di Warri. Ìtàn ìlú náà sọ pé Gínúwà, ọmọ ọba kan láti Ìbíní, ni ó kúrò nílé bàbá rẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tí ó lọ fìdí oyè Olú múlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí àwọn ènìyàn náà ń sọ kì í ṣe Ẹdó. Ọmọ ìyá èdè Yorùbá ni, ó sì súnmọ́ ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú dáadáa. Ọmọ tiwa ni ọma tiwọn, orúkọ oyè ọba wọn kò sì ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ èdè Yorùbá, tí ó sì fojú fo ìtàn Ìwẹrẹ, ti fojú fo ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀.

Ojú àwọn ará Ìwẹrẹ ti là sí ọ̀nà Òyìnbó tipẹ́tipẹ́ kí Landolphe tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọmọ Olú kan tí a ń pè ní Dom Domingos ti lọ kàwé ní Coimbra ní ilẹ̀ Potogí. Ó gbé ìyàwó Potogí bọ̀ wá sílé, ó sì jọba lẹ́yìn náà. Òun ni a mọ̀ sí Atuwatse Kìíní. Nítorí náà, nígbà tí Landolphe dábàá pé kí ọmọ ọba kan bá òun lọ sí Faransé, kì í ṣe ohun àjèjì ni ó ń sọ létí ààfin Olú Ẹrẹjuwa. Wọ́n ti rán ọmọ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, iṣẹ́ náà sì ti so èso.

Boudakan ni orúkọ ọmọ ọba tí ó bá a lọ, bí àwọn Faransé ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún 1783 ni ogun tí Faransé fi ran àwọn Amẹ́ríkà lọ́wọ́ láti gba òmìnira parí, tí ọ̀nà òkun sì tún là. Ní 1784 ni Boudakan gúnlẹ̀ sí Faransé. Wọ́n mú un lọ sí ààfin Versailles, ó fojú kan Ọba Louis Kẹrìndínlógún, àwọn ará ìlú sì ń wò ó bí ìran. Ó lo ohun tí ó ju ọdún kan lọ níbẹ̀. A lè bi ara wa pé ta ni ó ń lo ta. Landolphe fẹ́ kí ọmọ ọba náà jẹ́ ẹ̀rí níwájú àwọn olówó Faransé pé òun ní ọ̀rẹ́ ní ẹnu odò náà. Ní ti Olú, ó fẹ́ oníbàárà tí yóò máa wá sí èbúté tirẹ̀ láì gba ọwọ́ Ìbíní. Àwọn méjèèjì rí ohun tí wọ́n ń wá, ó kéré tán fún ọdún mélòó kan.

Pẹ̀lú ẹ̀rí yìí ni Landolphe fi rí àwọn tí yóò kó owó sílẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Marion Brillantais, gbajúmọ̀ oníṣòwò ará Saint-Malo. Wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣòwò Owhère àti Bénin sílẹ̀ ní 1786, ìjọba Faransé sì fọwọ́ sí i. Ní àárín ọdún náà ni wọ́n ṣíkọ̀ láti Rochefort, Boudakan náà sì wà nínú ọkọ̀, ó ń padà sílé. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n dé.

Olú fún Landolphe ní ilẹ̀ ní Borodo, nítòsí ẹnu odò. Níbẹ̀ ni àwọn Faransé kọ́ ilé olódi sí, wọ́n sì to àgbá sí i. Àyè tí wọ́n yàn náà mọ́gbọ́n wá: ọkọ̀ kankan kò lè gun òkè odò lọ sí Ughoton tàbí sí ìlú Olú kí wọ́n má rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára fún ológun kì í sábà dára fún olùgbé. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ náà, ẹ̀gbà ni ó yí i ká, ẹ̀fọn kò sì jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Kò tíì sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà. Afẹ́fẹ́ búburú inú irà ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Àwọn ọmọ ogun àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n bá Landolphe wá bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò kú. Ara rẹ̀ ti mọ́ ilẹ̀ náà láti ìrìn àjò ìṣáájú, ó sì lè jẹ́ ìyẹn ni ó gbà á là.

Láàrin àwọn tí ibà náà bá jà ni Palisot de Beauvois, onímọ̀ ewéko tí ó fi owó ara rẹ̀ bá wọn lọ. Ọkùnrin yìí yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka ẹrú, òun ń ka ewé àti kòkòrò. Ó dé Ìbíní, ó rìn nínú igbó Ìwẹrẹ, ó sì kó ohun púpọ̀ jọ kí àìsàn tó dá a dúró. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kú, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹrú tí ń lọ sí Saint-Domingue, ó sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1788. Apá kan nínú ohun tí ó kó jọ wà ní Borodo, kò sì fojú kàn án mọ́. Láti inú èyí tí ó ti fi ránṣẹ́ sílé ni ó ti kọ ìwé ńlá rẹ̀, Flore d'Oware et de Bénin, tí a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní 1804. Nínú rẹ̀ ni ayé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti kọ́kọ́ rí igi ọ̀gọ̀rọ̀ kan tí a sọ ní Raphia vinifera, èyí tí ó ń tọ́ka sí ẹmu. Ó tún rí igi kan tí òdòdó rẹ̀ dà bí adé, ó sì fi orúkọ Napoleon, tí ó jọba ní ọdún 1804 náà, sọ ọ́ ní Napoleonaea imperialis. Igi tí àwọn babańlá Ìwẹrẹ ti ń gé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ di igi Napoleon lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti òwò, ẹrú ni àwọn ará Borodo ń wá, eyín erin àti aṣọ híhun sì tẹ̀lé e. Kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Landolphe a máa yin ara rẹ̀ pé òun bá àwọn ọba àti ìjòyè lò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì jọ pé òótọ́ ni, nítorí pé kò bá ti pẹ́ níbẹ̀ láìsí ọ̀wọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yìí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n dè sínú ọkọ̀. A mọ orúkọ ọkọ̀, a mọ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, a mọ orúkọ ewé tí wọ́n já nínú igbó. Orúkọ àwọn tí wọ́n gbé kọjá níwájú odi Borodo kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Ìlú tí ó rán an níṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ní 1789 ni ìjì ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, àwọn àǹfààní tí ọba fi fún àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò sì di asán. Ní oṣù kẹjọ 1791 ni àwọn ẹrú Saint-Domingue dìde, wọ́n dáná sun oko ìrèké, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ogun tí ó parí sí òmìnira Haiti ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804. Ọjà tí Borodo ń kó ènìyàn lọ fún wó lulẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi ọkọ̀ tuntun, owó tàbí ọmọ ogun ránṣẹ́ sí Landolphe mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ó jókòó sí ibi tí ó tẹ̀dó sí.

Ojú àwọn ará Liverpool kò gba odi Faransé tí ó dúró sí ẹnu odò yìí. Ní 1792, nígbà tí wọ́n rí i pé odi náà kò ní olùrànlọ́wọ́ mọ́, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kó ara wọn jọ, wọ́n sì kọlù ú lóru. Ẹ kíyè sí i pé ogun kò tíì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní àkókò náà; ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ogun dé. Ìjà oníṣòwò sí oníṣòwò ni èyí. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba ilé jẹ́, wọ́n sì dáná sun ohun tí ó kù, títí kan àwọn ewé àti kòkòrò tí Palisot de Beauvois fi sílẹ̀. Landolphe bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ ilẹ̀ ni ó sì pa á mọ́ títí ó fi rí ọ̀nà kúrò ní àgbègbè náà. Ọdún mẹ́fà ni ilé tí ó kọ́ fi dúró.

Ẹni tí ó bá ti rí irú èyí lè lọ fẹ̀yìn tì. Landolphe kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ogun ojú omi lábẹ́ ìjọba tuntun, wọ́n sì sọ ọ́ di balógun. Ní oṣù kẹta 1799 ni ó kó ọkọ̀ ogun mẹ́ta, Concorde, Médée àti Franchise, jáde láti Rochefort, èbúté kan náà tí ó ti gbé Boudakan wọ ọkọ̀. Ẹ̀bá òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ní kí ó lọ máa dà láàmú, kí ó sì máa kó ọkọ̀ àwọn ọ̀tá. Ta ni ó tún lè mọ omi náà tó o? Ó kó ọkọ̀ púpọ̀, ó sì kọlu erékùṣù Príncipe tí ó wà lọ́wọ́ Potogí, ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ó sọdá sí Amẹ́ríkà ti Gúúsù láti tún àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ 1800, nítòsí ilẹ̀ Brazil, wọ́n rí ọ̀wọ́ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lókèèrè. Ọkọ̀ oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń lọ sí ìhà Íńdíà. Ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo, Belliqueux, tí ó ní àgbá 64, ni ó ń ṣọ́ wọn. Àwọn ọkọ̀ oníṣòwò náà tóbi, wọ́n sì kùn wọ́n bí ọkọ̀ ogun. Nígbà tí àwọn Faransé súnmọ́ tòsí, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n yí padà, olúkúlùkù sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Belliqueux lé Concorde tí Landolphe wà nínú rẹ̀ bá, ó sì mú un. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí Médée ni àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń rẹ́rìn-ín fún ọdún púpọ̀. Ọkọ̀ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Exeter lé e bá nínú òkùnkùn, ó ṣí gbogbo ojú àgbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tan fìtílà sẹ́yìn wọn, kí ó lè dà bí ọkọ̀ ogun ńlá. Ọ̀gá Médée juwọ́ sílẹ̀ láì jà. Ìgbà tí ó dé inú Exeter tán ni ó tó rí i pé oníṣòwò lásán ni òun fi ọkọ̀ ogun lé lọ́wọ́. Franchise nìkan ni ó sá àsálà.

Bí oníṣòwò ti ba odi Landolphe jẹ́ ní Borodo, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ oníṣòwò ṣe kópa nínú ìparun ẹgbẹ́ ogun rẹ̀. Kò tún rí irú ipò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dàgbà, ó sì padà gbé ní Paris. Níbẹ̀ ni ó ti ko ìrántí rẹ̀ lé ọwọ́ òǹkọ̀wé kan, J. S. Quesné, tí ó tò ó, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní apá méjì ní 1823. Ìwé yìí ni A. F. C. Ryder gbé yẹ̀ wò nígbà tí ó ń kọ ìwé rẹ̀ lórí Ìbíní àti àwọn Òyìnbó, èyí tí ó jáde ní 1969. Ó ṣe iyebíye, nítorí pé ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa Ìwẹrẹ ní àkókò náà kò pọ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra kà á. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, Faransé ti fòfin de òwò ẹrú, kò sì sí arúgbó tí yóò fẹ́ kí àwọn ọmọ ìgbà náà rí òun bí ajẹ̀nìyàn. Ibi tí ó bá ti ń sọ bí odò ṣe rí, iye ọjọ́ ìrìn àti ètò ààfin, ẹ̀rí rẹ̀ ṣeé gbára lé. Ibi tí ó bá ti ń sọ bí gbogbo ènìyàn ṣe fẹ́ràn òun tó, ẹ jẹ́ kí a rántí pé òun nìkan ni ó ń rojọ́, òun nìkan náà ni ó ń dájọ́.

Landolphe kú ní 1825. Ìtàkùn kan ni ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Palisot de Beauvois rí i nínú igbó Ìwẹrẹ, ó rí i pé oje funfun ń sun lára rẹ̀, ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti orúkọ ìlú náà papọ̀ sọ ọ́ ní Landolphia owariensis. Oje náà ni rọ́bà. Ní ọdún 1890 sí 1899, nígbà tí àwọn Òyìnbó ń fi owó gọbọi ra rọ́bà ní Èkó, àwọn ènìyàn ya wọ inú igbó Yorùbá, wọ́n ń kọ igi ìrẹ́ lára, wọ́n sì ń gé ìtàkùn yìí lulẹ̀ títí ó fi di ọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi.